Ẹni Tó Kan Òrùlé Ni Í Kọ́kọ́ Sùn Sábẹ́ Rẹ̀

Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò tíì kí ọ, mi ò tíì béèrè àlàáfíà ẹnikẹ́ni, ẹ̀rù yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, kí n tó lè kọ èyí tó kù. Kí lo ṣe? Ta ni ẹ ń sá fún?

Ìwé pélébé tí o kọ dé lánàá. Ìlà mẹ́rin péré. O ní ìwọ àti ọkọ ẹ àtàwọn ọmọ ń lọ gbé lórí erékùṣù kan láàárín òkun, pé ilé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sí aládùúgbò, kò sí títì, fóònù kì í ṣiṣẹ́, Ọjọ́rú Ọjọ́rú nìkan ni ọkọ̀ ojú omi ń débẹ̀. O wá fi kún un pé kí n má dààmú. Èwo ni kí n má dààmú sí nínú ìyẹn? Ní gbogbo ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí mo fi ṣiṣẹ́ ní yàrá káàdì ní ọsíbítù, oríṣi èèyàn méjì ni mo gbọ́ pé wọ́n ń kó lọ sí erékùṣù: ẹni tí àìsàn ẹ̀ ń ran èèyàn, àti ẹni tí ìjọba ò fẹ́ kó sá lọ. Èwo ni tiyín? Tó bá jẹ́ àìsàn ni, kọ orúkọ ẹ̀ síwèé, mo ti kọ èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ rí. Tó bá jẹ́ ti ìjọba ni, ẹnu ẹ ni kí n ti gbọ́ ọ, má jẹ̀ẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu olófòófó.

Bàbá ẹ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n jókòó sórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n na ẹsẹ̀ òsì tí kì í ká yẹn, wọ́n ní ilé ìsinmi ni wọ́n ń pe irú ẹ̀, pé àwọn èèyàn ń háyà ẹ̀ kí wọ́n lè lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kàn wọ́n nílẹ̀kùn. Mo ní ẹni tó bá fẹ́ sinmi, ìlẹ̀kùn ẹ̀ ni kó tì. Tí ọmọ bá ké níbẹ̀, ta ló máa gbọ́? Wọ́n yí rédíò sókè.

O mọ̀ pé etí mi ò gba fóònù mọ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú ìkòkò ló ń dún. Lẹ́tà ni tèmi. Mo lè kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sì lè ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kọ ọ́ kó kún.

Má sì jẹ̀ẹ́ kí ojú tì mí, torí gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́. Fọ́tò ẹ tí o ti jókòó sídìí tábìlì ní ọ́fíìsì, tí o mú bírò dání, mo ti fi sínú gíláàsì, òun ló wà lókè tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá wọlé, kó tó béèrè omi, mo ti sọ fún un pé àkọ́bí mi nìyẹn, òun ló ń ya ilé sórí ìwé ní òkè òkun káwọn ẹlòmíì tó kọ́ ọ. Ìyá Oníbọ́tìnì, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta bọ́tìnì àti òwú lójúde wa, ti gbọ́ ọ débi pé òun ló ń bá mi parí ẹ̀. Inú mi ń dùn pé ọmọ mi jókòó. O mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tí ejò bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọ́ nígbà tí bàbá ẹ já látorí òrùlé. Mo ní kí o gbọ́wọ́ láyà, kí o ṣèlérí fún mi pé iṣẹ́ òrùlé tó sọ wọ́n di arọ kò ní kàn ọ́ láéláé. Láti ọjọ́ yẹn, àga ọ́fíìsì ẹ nìkan ni ohun tó tíì fi mí lọ́kàn balẹ̀.

Bá mi kí ọkọ ẹ, kí o sọ fún un pé ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì lórí ilẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa omi. Mò ń gbàdúrà kí ìjì má jà, kí òjò kankan má rọ̀ sórí òkun yẹn títí ẹ ó fi kúrò níbẹ̀. Fèsì kí ẹsẹ̀ ẹ tó kan ọkọ̀ ojú omi.

Màmá ẹ.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹfà

Màámi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Bàámi, ẹ sì kú àníyàn wa. Ìwé yín bá mi lẹ́nu ọ̀nà, báàgì ti wà léjìká mi, inú ọkọ̀ apẹja tó gbé wa wá lánàá, torí a ò lè dúró de Ọjọ́rú, ni mo ti kà á. A ò sá fún ẹnikẹ́ni. Ara gbogbo wa le. Ẹ ti ní kó kún, ó máa kún.

Erékùṣù yìí ò tóbi. Adájọ́ yí i po ní ogójì ìṣẹ́jú. Ẹ rántí pé bẹ́ẹ̀ là ń pe ọmọ ọmọ yín àgbà, torí kò sí ohun tí kì í dá lẹ́jọ́. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ kéré ṣùgbọ́n ó mọ́. Àbúrò ẹ̀ ní tiẹ̀ ti kó òkúta kún àpò méjèèjì, ó ń rìn bí ọlọ́pàá tó sanra. Ilé náà wà lórí àpáta, yàrá márùn-ún, ògiri ẹ̀ nípọn débi pé èèyàn lè jókòó sójú fèrèsé kó na ẹsẹ̀. Ìjì ló gbé òrùlé àtijọ́ lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan rà á, ó tún un ṣe, ó fẹ́ máa fi háyà fún àwọn tó bá wá sinmi. Ọjọ́ karùn-ún oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn àlejò àkọ́kọ́ máa dé, nínú ọkọ̀ tí wọ́n háyà fúnra wọn.

Màámi, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ti rìn fún ọdún mọ́kànlá, ó ti rẹ̀ ẹ́. Tábìlì inú fọ́tò yẹn kì í ṣe tèmi. Tábìlì ọ̀gá mi tẹ́lẹ̀ ni, èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n jókòó sí i kí wọ́n yà mí. Ìwé tó wà níwájú mi nínú fọ́tò náà, iye páànù tí a fẹ́ kàn lọ́jọ́ kejì ló wà níbẹ̀. Mo yàwòrán ilé fún ọdún kan lóòótọ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rán mi lọ wo ilé kan tí wọ́n ń kọ́, mo rí i tí ọkùnrin kan ń kan ìṣó síbi tí omi máa ṣàn gbà, mo gun àkàbà lọ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é hàn án. Mi ò tíì sọ̀kalẹ̀ látìgbà yẹn. Òrùlé ni mò ń kàn, Màámi. Ọkùnrin mẹ́rin ló ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi, ọ̀gá sì ni wọ́n ń pè mí.

Òrùlé ilé yìí, èmi ni mo kàn án, látorí igi àkọ́kọ́ dórí ìṣó tó gbẹ̀yìn. Ìdí tí a sì fi wà níbí, lọ́wọ́ Bàámi ni mo ti kọ́ ọ. Ẹ rántí pé wọn kì í fún onílé ní kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá parí iṣẹ́. Wọ́n á ní ká ká ẹní wa, gbogbo wa á lọ sùn sínú ilé olówó náà títí òjò ńlá kan á fi rọ̀ lé e. Àwọn ará àdúgbò á máa pè wá ní ayálégbé ọ̀fẹ́. Bàámi á ní, "Ẹni tó kan òrùlé ni í kọ́kọ́ sùn sábẹ́ rẹ̀. Bó bá máa jò, orí ẹni tó kàn án ni kó kọ́kọ́ jò sí." Èmi ni mo máa ń gbé ìṣó, Ìgbákejì ni wọ́n ń pè mí. Gbogbo òrùlé tí mo ti kàn níbí, mo ti sùn sábẹ́ wọn. Àwọn onílé á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà, wọ́n á ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ wọn pé irú káfíńtà yìí ni kí wọ́n wá.

Èyí ni mo ń fi yangàn jù nínú gbogbo wọn, ìdí nìyẹn tí irọ́ náà fi sú mi. Mi ò lè sùn sábẹ́ ẹ̀ kí n má sọ fún yín pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Mo mọ ìlérí tí mo ṣe. Ẹ bínú sí mi tó bó bá ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí n rí i kà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹfà

Ìwọ ọmọ yìí,

Mo ti ka ìwé ẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí mo ṣe ń ṣe, kò yí padà.

Mo ti da ojú fọ́tò yẹn kọ ògiri. Ìyá Oníbọ́tìnì wọlé, ó béèrè ohun tó ṣe é, mo ní oòrùn ń ṣá a. O rí i, o ti ń kọ́ èmi náà ní irọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè kì í mọ ohun tó wà nílẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ káàdì àwọn tó bá já látòkè. Mo máa ń béèrè orúkọ, ọjọ́ orí àti iṣẹ́ wọn. Bí wọ́n bá ti pe iṣẹ́ wọn, mi ò ní gbójú sókè mọ́. O mọ̀ pé bó ṣe rí nìyí, o tún gbé àwọn ọmọ ọmọ mi lọ sí àárín omi, ẹ wá ń retí òjò bí ẹni ń retí àlejò pàtàkì. Èmi ṣì ń gbàdúrà kó má rọ̀.

Fún onílé ní kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Kó àwọn ọmọ kúrò lórí òkun. Sọ̀kalẹ̀. Tí o bá ti sọ̀kalẹ̀, kọ̀wé sí mi. Tí o ò bá tíì sọ̀kalẹ̀, má kọ ọ́.

Màmá ẹ.

Bàbá ẹ ní kí n béèrè bí òrùlé náà ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Mo kọ ọ́ torí pé wọ́n jókòó tì mí, wọn ò sì dìde.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Kẹfà

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò tíì rí èsì yín, àmọ́ ọkọ mi ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí, ìsinmi tí wọ́n fún un ti tán, ni mo ṣe ní kó mú ìwé yìí dání. Ó ku èmi àtàwọn ọmọ. Ẹ má ṣe fò sókè. Àwọn apẹja ń kọjá lójoojúmọ́, mo ní aṣọ pupa kan tí mo lè ta sórí òpó bí nǹkan bá ṣe wá, wọ́n á sì yà.

Òjò ò rọ̀. Ọjọ́ kọkànlá wa nìyí. Ojú ọ̀run mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Láàárọ̀, a máa ń jókòó síta, a ó kọ ẹ̀yìn sí òkun, a ó máa wo òrùlé. Àwọn èèyàn máa ń ti ọ̀nà jíjìn wá wo òkun, àwa ń wo páànù. Adájọ́ ní tí òun bá dàgbà, òun á sọ fún gbogbo ayé pé màmá òun ló ń dé ilé ní fìlà. Mi ò bá a wí fún fífọ́nnu. Mo jẹ́ kó fọ́n ọn.

Onílé ti ránṣẹ́ nípasẹ̀ ọlọ́kọ̀. Ó ní kí n tú omi ẹ̀rọ lé òrùlé náà lórí, tí kò bá jò, kí n fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́. Mo dá a lóhùn pé omi ẹ̀rọ kì í ṣe òjò, òjò ní afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Ó wá ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀, òun á fẹsẹ̀ ara òun wá gba kọ́kọ́rọ́ òun, òjò rọ̀ o, òjò ò rọ̀ o. Ó tún ní tí mo bá yarí, ilé méjì tó kù tí òun ní níbòmíràn, káfíńtà mìíràn ló máa kàn wọ́n.

Ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé mi ò ní lè gbé ìbínú yín pẹ̀lú àwọn ọmọ mi sábẹ́ òrùlé kan náà. Lọ́dún mọ́kànlá tí mo fi purọ́, bí mo bá ti gun àkàbà, mo máa ń wẹ̀yìn bí ẹni tó jalè. Mi ò fẹ́ gùn ún bẹ́ẹ̀ mọ́. Tí ẹ bá ní kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, màá fún un ní kọ́kọ́rọ́, màá gbé òòlù sílẹ̀, kò ní sí àròyé. Tí ẹ bá ní kí n máa ṣe é, mo fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ sọ ọ́. Mò ń retí ohùn yín kó tó di Ọjọ́rú náà.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Ìwé tí mo kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ò jẹ́ kí n sinmi. Mo lọ bá akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ pé kó bá mi yọ ọ́ padà, ó ní ìwé tó bá ti wọ àpò, ó ti di ti ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Tí méjèèjì bá jọ dé ọwọ́ ẹ, èyí ni kí o gbọ́, jẹ́ kí tọ̀hún máa sọ̀rọ̀ lọ.

Àárọ̀ yìí ni èyí tí o fi rán ọkọ ẹ dé. Mo kà á sókè fún bàbá ẹ. Nígbà tí mo dé ibi tí o ní wàá gbé òòlù sílẹ̀ tí mo bá ní kí o gbé e sílẹ̀, wọ́n pa rédíò. Wọ́n ní, "Sọ fún un." Mo ní kí ni kí n sọ. Wọ́n ní mo mọ̀ ọ́n.

O mọ̀ pé bàbá ẹ já. O ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ilé tíṣà àgbà ni wọ́n kàn nígbà yẹn. Bàbá ẹ nìkan ló lọ síbẹ̀ torí ara ẹ ò yá, wọ́n ti sùn sábẹ́ ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, òjò ò rọ̀. Ibà ẹ wá le sí i. Èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú ẹ nílé, ẹ̀rù bà mí bí ẹ̀rù ṣe máa ń bà mí. Mo ránṣẹ́ sí wọn pé tí wọn ò bá lè kúrò lábẹ́ òrùlé olórùlé kí wọ́n wá wo ọmọ wọn, kí wọ́n kúkú máa gbé ibẹ̀. Wọ́n fún tíṣà ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n wá sílé. Ilẹ̀ mọ́, ibà ti lọ, o ń béèrè oúnjẹ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, òjò rọ̀, òrùlé náà jò sórí àwọn ìwé tíṣà. Nínú gbogbo ilé tí bàbá ẹ kàn láyé wọn, òun nìkan ni wọn ò dúró de òjò lábẹ́ ẹ̀. Ìtìjú ò jẹ́ kí wọ́n dúró kí páànù gbẹ. Wọ́n gùn ún bó ṣe tutù. Èmi ni mo wà ní yàrá káàdì lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé wọn wọlé, mo kọ orúkọ wọn, mo kọ iṣẹ́ wọn. Níbi tí wọ́n ní ká kọ ohun tó fà á sí, mo kọ "òjò" síbẹ̀. Irọ́ ni. Iṣẹ́ tí mo rán ló fà á.

Ó ti di ọdún mẹ́tàlélógún. Bàbá ẹ ò fi kàn mí lójú rí, àní nígbà tí a bá ń jà. Ibi yòówù tí mo bá ti rí àkàbà, ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ yẹn ni mò ń rí lórí ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ìlérí lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Nígbà tí mo kọ débí, mo béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá kò tiẹ̀ yà wọ́n lẹ́nu pé òrùlé ni o ń kàn. Wọ́n ní kí n gbé fọ́tò yẹn wá. Wọ́n nàka sí àtàǹpàkò òsì ẹ. Èékánná ẹ̀ dúdú. Wọ́n ní, "Bírò kì í fọ́ èèyàn léèékánná. Láti ọjọ́ tí fọ́tò yìí ti dé ni mo ti mọ̀." Ọdún márùn-ún ni wọ́n fi jókòó sábẹ́ fọ́tò yẹn, tí wọ́n ń gbọ́ bí mo ṣe ń fi tábìlì tábìlì yangàn, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo bínú sí wọn fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni mo wò ó pé, kí ni wọ́n ń fi pamọ́ nígbà náà tí ojú wọn fi máa ń dán?

Nítorí náà, fetí sílẹ̀. Èmi tí mo lé bàbá ẹ kúrò lábẹ́ òrùlé, èmi náà ni mo ní kí ìwọ má kúrò. Má fún un ní kọ́kọ́rọ́. Kó bínú. Kó gbé ilé méjèèjì tó kù fún ẹni tó bá wù ú. Dúró títí òjò á fi rọ̀, kí o wo gbogbo igun ilé, kí o tó na ọwọ́. Tó bá sì jò, má gùn ún ní tútù. Mo ti yí àdúrà mi padà, mo ní kí Ọlọ́run má wo ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá mọ́.

Tọ́jú àwọn ọmọ. Ta aṣọ pupa yẹn bí ọkàn ẹ ò bá balẹ̀.

Màmá ẹ.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù Keje

Màámi àti Bàámi,

Òjò rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tò ó fún yín. Ọkọ̀ ò wá ní Ọjọ́rú tó ṣáájú, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bàjẹ́, nítorí náà, ní ọjọ́ kẹta, tọkàntọkàn la fi lọ dúró sétí omi. Ẹni mẹ́ta ló bọ́ sílẹ̀: ọlọ́kọ̀, ọkọ mi tó tún gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, àti onílé, tó wọ bàtà funfun. Lẹ́tà yín méjèèjì wà lápò àyà ọkọ mi. Èyí tó le ni mo kọ́kọ́ já. Orí òkúta ni mo jókòó sí kà á. Nígbà tí mo kà á tán, mo dìde, mo yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, mo ti na ọwọ́ sí onílé. Ọkọ mi di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ìkejì wà ńbẹ̀. Ka ìkejì kó o tó ṣe ohunkóhun."

Mo ka ìkejì. Mo dá kọ́kọ́rọ́ padà sápò. Mo sọ fún onílé pé màmá mi ní kí n má tíì fún un. Ó wo òkun, ó wo àpáta, ó béèrè ibi tí màmá mi wà. Mo ní wọ́n wà nílé. Ó ní ṣé káfíńtà ni wọ́n. Mo ní wọn ò kan òrùlé rí, ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn òrùlé, kò sí ẹni tó mọ̀ tó wọn. Màámi, bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn.

Inú bí i. Ó ní kí ọlọ́kọ̀ gbé òun padà. Ọlọ́kọ̀ wo òkè, ó ní ọkọ̀ òun ò ní kúrò níbẹ̀ títí ohun tó ń bọ̀ yẹn á fi kọjá. Gbogbo wa bá wọlé. Nígbà tí aago mẹ́rin máa lù lọ́sàn-án, ó dé. Kì í ṣe òjò tó ń tọrọ àyè, ó dé pẹ̀lú afẹ́fẹ́, ó ń gbá òrùlé láti ẹ̀gbẹ́ bí ẹni ń wá ọ̀nà wọlé. Adájọ́ ti to abọ́ mẹ́fà káàkiri yàrá, ó ń rìn láti ìkan dé ìkejì, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. A ò lè gbọ́ ohùn ara wa. Onílé di àga mú. Èmi nìkan ni mò ń wo òkè tí mò ń rẹ́rìn-ín, àwọn igi mi ò tiẹ̀ dún.

Ó tó wákàtí kan tí nǹkan kan ò kán. Onílé ní, "Ṣé o ti rí i báyìí?" Kó tó pa ẹnu dé, Adájọ́ pariwo láti kíṣìnì pé, "Ó jò o. Mo dájọ́ pé ó jò." A sáré débẹ̀. Níbi tí páìpù èéfín ti gba àárín òrùlé kọjá, omi ń kán, ẹyọ kan, ẹyọ kan, ó ń bọ́ sínú abọ́. Ojú ò tì mí, Bàámi. Orí èmi ló kọ́kọ́ jò sí bẹ́ẹ ṣe wí. Onílé wo abọ́ náà fún ìgbà pípẹ́. Abẹ́ ibẹ̀ gan-an ni wáyà iná kíṣìnì gbà.

Mo dúró kó gbẹ. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, oòrùn là, mo tún dúró. Ọ̀sán ni mo tó gùn ún, mo so okùn mọ́ ìdí, ọkọ mi ló ya fọ́tò tó wà nínú ìwé yìí. Mo ṣí ibẹ̀, mo fi òjé wé ọrùn páìpù, mo kàn án padà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òjò mìíràn rọ̀. Abọ́ gbẹ. Adájọ́ fi ìka kan ìsàlẹ̀ ẹ̀, ó ní òun ti tú òrùlé sílẹ̀, kó máa lọ sílé ní àlàáfíà.

Àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún ni mo fún onílé ní kọ́kọ́rọ́. Ó gbà á tọwọ́tọwọ́. Ó ní ilé méjì tó kù, èmi ni màá kàn wọ́n, èmi ni màá sì kọ́kọ́ sùn níbẹ̀. Ó tún ní tí àsìkò àlejò bá parí, kí n mú màmá mi tó mọ òrùlé wá lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀, pẹ̀lú bàbá mi, kò ní gba nǹkan kan. Ṣé ẹ máa wá?

Bàámi, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sókè nínú márùn-ún ní ìbú ni òrùlé náà fi dagẹ̀rẹ̀.

Ọmọ yín, Ìgbákejì.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje

Ọmọ mi,

Okùn tó wà nídìí ẹ nínú fọ́tò yẹn, ṣé ó nípọn tó? Lójú mi, ó dà bí èyí tí wọ́n ń sá aṣọ sí. Ra òmíràn. Mo ti sọ tèmi, mo lè wá kí ọ báyìí.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú òjò. O ṣeun tí o dúró kó gbẹ.

Bàbá ẹ mú páálí bàtà kan, wọ́n gé e, wọ́n dá a dúró sórí tábìlì, mẹ́ta sókè nínú márùn-ún bí o ṣe wí. Wọ́n da omi lé e lórí díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wo bó ṣe ń sáré. Wọ́n ba aṣọ tábìlì mi jẹ́. Wọ́n ní tàwọn ì bá má ga tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn ò kan ilé sétí òkun rí. Wọ́n wá ní, "Ọmọ yìí ti kọjá mi." Ó ti pẹ́ tí mi ò ti gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu wọn. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lọ́lá.

Mo yọ fọ́tò tábìlì kúrò nínú gíláàsì, mo fi ti orí òrùlé síbẹ̀. Ìyá Oníbọ́tìnì wọlé, ó wò ó títí. Ó béèrè pé ṣé kì í ṣe ọmọ tó ń jókòó sídìí tábìlì ní ọ́fíìsì nìyí. Mo ní òun ni. Ó ní tábìlì wá dà. Mo ní tábìlì wà ńbẹ̀, òun ló kan òrùlé tó bò ó. Ó wá ní òrùlé ìsọ̀ òun ti ń jò láti ọdún tó kọjá, ìgbà wo lo máa wálé? Mo ní kó lọ tò sẹ́yìn onílé erékùṣù. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó bá dé ọ̀dọ̀ mi, kó tó béèrè omi, mo ti nàka sókè fún un: ọmọ mi nìyẹn, òun ló wà lórí ilé yẹn, ẹ wo bó ṣe dúró. Tí wọ́n bá béèrè bóyá ẹ̀rù ò bà mí, mo máa ń sọ òtítọ́ fún wọn, pé ó ń bà mí. Wọ́n á rò pé ọ̀rọ̀ ti parí, màá wá fi kún un pé àmọ́ ẹ wo bó ṣe dúró.

Èmi àti bàbá ẹ ti sọ ti ilé tíṣà tán láàárín ara wa. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ibà lè pa ọmọ, òrùlé ò lè sunkún. Pé tí mo bá tún ránṣẹ́ lónìí, àwọn á tún wá. Mi ò ní kọ èyí tó kù síwèé.

Ní ti erékùṣù, a máa wá. Bàbá ẹ ti ní kí n bá àwọn wá bàtà tí kì í yọ̀. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Má pè wá nígbà tí ojú ọ̀run bá mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wo òkun kó wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwa fẹ́ wá nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí a jókòó sábẹ́ ohun tí o kàn, èmi àti bàbá ẹ, kí n gbọ́ ọ pẹ̀lú etí tó kù fún mi yìí, bó ṣe ń lù ú tí kò wọlé.

Kọ̀wé kíákíá, má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yí po. Sọ fún mi oṣù tí òjò ń rọ̀ jù níbẹ̀, àti bóyá ọkọ̀ ojú omi yẹn ní ibi tí àgbàlagbà méjì lè dì mú.

Màmá ẹ.